Ìtàn Ìgbésí Ayé Harriet Finlay-Johnson, Olùkọ́ Tí Ó Fi Eré Lé Àwọn Ọmọ Lọ́wọ́

Ó ti di àṣà ìwé ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa láti máa gbé ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan tí ó ti ṣe gudugudu méje láyé kalẹ̀ níwájú àwọn ọmọ ìlú, kí olúkúlùkù lè rí ẹ̀kọ́ mú lò nínú rẹ̀. Ẹni tí a ó sọ ìtàn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọba, kì í ṣe jagunjagun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe olówó. Olùkọ́ ni, ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ní abúlé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó ṣe kò sì le púpọ̀ láti sọ: ó jẹ́ kí àwọn ọmọ tí ó ń kọ́ máa ronú eré fúnra wọn, kí wọ́n kọ ọ́ fúnra wọn, kí wọ́n sì ṣe é fúnra wọn. Síbẹ̀, nítorí ohun kan ṣoṣo yìí, orúkọ rẹ̀ kàn láàrin àwọn olùkọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, ìtàn rẹ̀ kò sì parẹ́ títí di òní. Orúkọ obìnrin náà ni Harriet Finlay-Johnson. Àwa tí a ń dá owó jọ láti kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, tí a sì ń fi ọmọ wa ránṣẹ́ síbẹ̀, ó yẹ kí a gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni a ti bí i ní ọdún 1871. Kí a tó lè mọ bí iṣẹ́ tí ó ṣe ti tóbi tó, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ayé tí ó bá nínú ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1870, èyí tí ó ṣáájú ọdún tí a bí i, ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé kí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà fún àwọn ọmọ ní gbogbo àdúgbò. Nígbà tí ó sì di ọdún 1880, wọ́n sọ ọ́ di dandan kí ọmọ máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Òfin dáradára ni èyí. Ṣùgbọ́n òfin mìíràn ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1862 tí ó ń bu omi sí ọbẹ̀ náà. Òfin yìí sọ pé iye owó tí ìjọba yóò fi ran ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ yóò máa wà lórí iye ọmọ tí ó bá yege. Lọ́dọọdún ni alábẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ ìjọba máa ń wá, tí yóò sì dán ọmọ kọ̀ọ̀kan wò nínú ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣírò. Bí òfin náà ti rí ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ tí ó bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò mú ṣílè 8 wá fún ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kùnà nínú ọ̀kan, wọn yóò yọ ṣílè 2 àti kọ́bọ̀ 8 kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Olùkọ́ tí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu ọmọ ọdún mẹ́jọ, kí ni yóò ṣe? Kò ní bèèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà yé ọmọ. Ohun tí yóò máa bèèrè ni bóyá ọmọ lè sọ ọ́ jáde lọ́jọ́ tí alábẹ̀wò bá dé. Báyìí ni ilé-ẹ̀kọ́ ṣe di ibi tí àwọn ọmọ ti ń jókòó gbagidi lórí bẹ́ǹṣì láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, tí wọ́n ń sọ ohun tí olùkọ́ bá sọ tẹ̀ lé e bí odídẹrẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń mọ ìwé kíkà wọn lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ó jẹ́ pé bí a bá dojú ìwé náà dé lọ́wọ́ wọn, wọn yóò ṣì máa kà á lọ. Àwa náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ àṣà yìí níhìn-ín, nítorí òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún Èkó àti Gold Coast, gba ìlànà kan náà wọlé, pé kí èrè ilé-ẹ̀kọ́ máa wà lórí bí àwọn ọmọ bá ti ṣe sí nínú ìdánwò. Nítorí náà, bí a bá rí olùkọ́ tí ó fi pàṣán lé ọmọ lọ́wọ́ nítorí pé kò rántí ọ̀rọ̀ tí kò yé e, kí a mọ̀ pé àṣà náà ti ọ̀nà jíjìn wá, kì í sì í ṣe àwa nìkan ni ó bá jà.

Ní ọdún 1897 ni wọ́n fi Harriet Finlay-Johnson ṣe olùkọ́ àgbà ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ti Sompting. Abúlé ni Sompting jẹ́ nígbà náà, ní agbègbè Sussex ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì jìnnà sí Worthing tí ó wà létí òkun. Ẹ̀yìn abúlé náà ni àwọn òkè oníkoríko tí wọ́n ń pè ní South Downs wà. Iṣẹ́ oko ni ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe, ọmọ wọn kì í sì í pẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó fà á yọ láti lọ wá iṣẹ́ ṣe. Obìnrin yìí kò dá nìkan ṣe iṣẹ́ náà, nítorí àbúrò rẹ̀ obìnrin, Emily, ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ó ṣe déédéé pé àkókò yìí gan-an ni ìjọba ń fi òfin ọdún 1862 nì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ó sì ń fún olùkọ́ láàyè láti lo ọgbọ́n orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyẹ tí ó ti pẹ́ nínú àgò kì í tètè mọ̀ pé ilẹ̀kùn ti ṣí. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó ń ṣe bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Finlay-Johnson wà lára àwọn díẹ̀ tí ó fò jáde.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣe ni pé ó kó àwọn ọmọ jáde kúrò nínú ilé. Wọn a gun òkè lọ, wọn a wo òdòdó, ẹyẹ àti kòkòrò, wọn a padà wá kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, wọn a sì yà á ní àwòrán. Láti inú ìrìn wọ̀nyí ni ó ti rí i pé ọmọ tí ó ń sùn lórí bẹ́ǹṣì a máa jí pépé bí ohun tí ó ń kọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó tún ṣàkíyèsí ohun kan nínú ilé-ẹ̀kọ́ náà gan-an. Ó rí i pé àwọn ọmọ kéékèèké a máa fi eré kọ́ ẹ̀kọ́ wọn. Wọn a ṣe bí àgbẹ̀, wọn a ṣe bí ẹyẹ, inú wọn a sì dùn, ẹ̀kọ́ a sì wọ̀ wọ́n lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ kan náà bá dàgbà díẹ̀ tí wọ́n sì bọ́ sí kíláàsì àwọn àgbà, eré tán, ayọ̀ tán, ó ku ìwé àti pàṣán. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ó dé tí a fi ń gba eré lọ́wọ́ ọmọ ní àkókò tí ọgbọ́n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀ tí ó sì lè fi eré náà ṣe ohun tí ó jinlẹ̀. Ìbéèrè yìí ni ó bí gbogbo iṣẹ́ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Ìtàn àtijọ́ ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́, òun ni ó rí bí ohun tí ó gbẹ jù lọ lójú àwọn ọmọ, nítorí orúkọ àwọn ọba àti ọdún ìjọba wọn ni wọ́n ń kọ́ sórí. Ó mú ìwé Ivanhoe, èyí tí Walter Scott kọ nípa àwọn ajagun orí ẹṣin nígbà ayé Ọba Richard, ó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tí ó dàgbà jù ní ilé-ẹ̀kọ́ sọ apá kan nínú ìtàn náà di eré. Kò sí ìtàgé, kò sí aṣọ olówó iyebíye, kò sí àwòrán tí wọn yóò fi kọ́ ẹ̀yìn ìtàgé. Yàrá ìkàwé náà ni ààfin, òun náà ni igbó, òun náà ni pápá ogun. Páálí ni àwọn ọmọ gé ṣe adé àti apata, ohun tí ó bá sì wà nítòsí ni wọ́n sọ di ohun tí wọ́n ń fẹ́. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ wọ̀nyí, tí wọ́n ti ń kọ́ orúkọ ọba láìmọ ohun tí ọba ń ṣe, bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè irú aṣọ tí ènìyàn ń wọ̀ nígbà náà, irú oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ, àti ìdí tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ṣe olùkọ́ rí yóò mọ̀ pé ọjọ́ tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí eré kan tẹ̀ lé òmíràn, iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ olùkọ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọ. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Wọn a kọ́kọ́ mú àkókò kan nínú ìtàn. Wọn a wá ìwé jọ, ìwé ìtàn àti ìwé àròsọ, wọn a sì kà wọ́n láti rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an àti irú ènìyàn tí olúkúlùkù jẹ́. Wọn a jókòó jíròrò lórí apá tí ó yẹ kí wọ́n fi hàn àti èyí tí ó yẹ kí wọ́n fò. Wọn a kọ ọ̀rọ̀ tí olúkúlùkù yóò sọ, wọn a kà á fún ara wọn, wọn a sì tún un ṣe. Bí ọmọ kan bá kọ ohun tí kò bá ìtàn mu, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kó o lójú, wọn a sì ṣí ìwé fi hàn án. Lẹ́yìn èyí ni wọn a pín ipò, wọn a ṣe ohun èlò, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ eré. Nínú iṣẹ́ yìí ìwé kíkà wà, ìwé kíkọ wà, àròkọ wà, iṣẹ́ ọwọ́ wà, ọ̀rọ̀ sísọ gaara sì wà pẹ̀lú. Kò sí ọ̀kan nínú ohun tí alábẹ̀wò ayé àtijọ́ ń bèèrè tí kò sí níbẹ̀; ṣùgbọ́n ọmọ ń ṣe é nítorí pé ó ń fẹ́ kí eré náà dára, kì í ṣe nítorí ṣílè 8.

Ìlànà kan wà tí obìnrin yìí dì mú ṣinṣin ju gbogbo ìyókù lọ, èyí tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ àti òbí fi sọ́kàn. Ó gbà pé eré náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọmọ fúnra rẹ̀, bí ó ti wù kí ó wọ́ tó lójú àgbàlagbà. Kò sí ohun tí ó rọrùn fún olùkọ́ tó kí ó mú kálámù kí ó sì tún ọ̀rọ̀ ọmọ kọ kí ó lè dùn létí àlejò. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ọjọ́ tí olùkọ́ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, eré náà ti di ti olùkọ́, ọmọ sì ti padà di odídẹrẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ ọba ni odídẹrẹ́ náà wọ̀. Èyí ni ìyàtọ̀ láàrin ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti ilé-ẹ̀kọ́ tí ń ṣe eré lọ́jọ́ ọdún lásán. Ṣíṣe eré kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ńláńlá ti ń mú kí ọmọ há eré àwọn àgbà sórí. Ohun tuntun tí ó ṣe ni pé ó fi eré lé ọmọ lọ́wọ́ láti ìdí dé ìparí.

Nítorí ìdí kan náà, kò fi ojú àwọn òǹwòran ṣe pàtàkì. Lójú rẹ̀, àwọn tí ń ṣe eré ni eré wà fún, kì í ṣe àwọn tí ń wò ó. Bí a bá ń ṣe eré nítorí àlejò, àwọn ọmọ mélòó kan tí ẹnu wọn dá ṣáká ni a ó máa yàn nígbà gbogbo, àwọn ìyókù a sì jókòó bí ẹrù. Ní Sompting, gbogbo ọmọ ni ó ní iṣẹ́. Ẹni tí kò ṣe ọba yóò ṣe ọmọ ogun. Ẹni tí kò ṣe ọmọ ogun yóò wà láàrin èrò ọjà. Àwọn mìíràn a sì máa ṣètò eré, wọn a máa wo ẹni tí ó yẹ kí ó wọlé àti ẹni tí ó yẹ kí ó jáde. Ọmọ tí ojú ń tì, tí kò lè dáhùn bí olùkọ́ bá pè é, a máa rí ẹnu sọ̀rọ̀ bí ó bá ti di ẹlòmíràn nínú eré. Bí a ti mọ̀, ọmọ tí kò mọ ìṣírò lè mọ ènìyàn. Iṣẹ́ tí a bá fi lé ọmọ lọ́wọ́ ni yóò fi ohun tí ó wà nínú rẹ̀ hàn.

Ọ̀rọ̀ pàṣán ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò rò pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ ti ń ṣe eré yóò di ilé aláriwo, tí ẹnikẹ́ni kò ní bẹ̀rù ẹnikẹ́ni mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Finlay-Johnson kò jókòó lórí àga gíga bí adájọ́. Ó wà láàrin àwọn ọmọ bí ọ̀rẹ́ àti ẹlẹ́gbẹ́ wọn nínú iṣẹ́. Ọmọ tí ó bá ń ba eré jẹ́ ń ba ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò sì bá a wí kí olùkọ́ tó sọ̀rọ̀. Báyìí ni wọ́n kọ́ láti máa gbọ́ ti ara wọn, láti máa fi ipò fún ẹni tí ó yẹ, àti láti gba ìmọ̀ràn láìbínú. Àwa tí a ti jókòó ní ìpàdé Ẹgbẹ́ rí mọ̀ pé ẹ̀kọ́ tí ó ṣòro fún àgbà pàápàá láti kọ́ ni èyí.

Kò pẹ́ tí eré náà fi kúrò nínú ìtàn tí ó sì wọ inú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Nínú ìṣírò, wọ́n sọ yàrá di ọjà, wọ́n ń rà, wọ́n ń tà, wọ́n ń wọn nǹkan, wọ́n sì ń ṣe ẹyọ owó padà fún ara wọn, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí kò bá mọ ìṣírò yóò pàdánù lójú ara rẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé, wọ́n ń rin ìrìn àjò lọ sí ilẹ̀ òkèèrè láìkúrò ní Sompting. Wọ́n dé orí àwọn eré tí Shakespeare kọ pẹ̀lú, wọn kò sì rí wọn bí ìwé ìdánwò, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ẹnì kan tí òun náà ń wá ohun tí wọ́n ń wá. Wọ́n ń kọ àwọn orin àtayébáyé ilẹ̀ wọn, wọ́n sì ń jó ijó àwọn baba wọn.

Òkìkí kì í pamọ́. Ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Edmond Holmes, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà fún àwọn alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 1875 ni ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, òun fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó lo òfin ṣílè 8 nì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ó dé Sompting, ohun tí ó rí yà á lẹ́nu, nítorí ó rí àwọn ọmọ abúlé tí ojú wọn ń tàn, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tí ó ń lé wọn. Ó fi iṣẹ́ alábẹ̀wò sílẹ̀ ní ọdún 1910, nígbà tí ó sì di ọdún 1911 ó tẹ ìwé kan jáde tí ó pè ní What Is and What Might Be. Ní apá kìn-ín-ní ìwé náà, ó bu ẹnu àtẹ́ lu ẹ̀kọ́ tí ó ń sọ ọmọ di ẹ̀rọ, ó sì jẹ́wọ́ pé òun náà ní ìpín nínú ẹ̀bi náà. Ní apá kejì, ó ṣe àpèjúwe ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó dára. Kò dárúkọ abúlé náà. Ó pè é ní Utopia, èyí tí í ṣe orúkọ ìlú àròsọ tí ohun gbogbo ti dára. Olùkọ́ rẹ̀ ni ó pè ní Egeria, orúkọ obìnrin kan nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn ará Róòmù tí ó máa ń fi ọ̀nà ọgbọ́n han ọba wọn. Sompting ni Utopia, Harriet Finlay-Johnson sì ni Egeria. Àwọn ènìyàn ka ìwé náà gidigidi, ariyanjiyan sì bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀ láàrin àwọn olùkọ́ àti àwọn aláṣẹ.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ọ̀nà yìí lè tẹ́ lọ́rùn. Ẹni tí ó bá fi ojú olówó wò ó lè sọ pé ọmọ àgbẹ̀ kò nílò láti ṣe ọba nínú eré. Kí ó mọ ìwé díẹ̀, kí ó sì lọ ro oko. Ẹni tí ó bá fi ojú olùkọ́ wò ó lè sọ pé àkókò kò tó, pé ọmọ pọ̀ jù nínú yàrá kan, àti pé ìdánwò ń bọ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní ìwọ̀n tiwọn. Eré tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe a máa gba àkókò ju èyí tí olùkọ́ kọ fún un lọ, ó sì ń fẹ́ olùkọ́ tí ó mọ ìwé dáadáa, tí kò sì bẹ̀rù kí ọmọ bi í ní ohun tí kò mọ̀. Olùkọ́ tí ó kàn sọ pé kí àwọn ọmọ máa ṣeré, tí ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi, kò ṣe ohun tí Finlay-Johnson ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ kò dín kù nígbà tí ó fi eré lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, ó pọ̀ sí i ni: òun ni ó ń wá ìwé, òun ni ó ń tọ́ka sí ibi tí òtítọ́ wà, òun ni ó sì ń kíyè sí ọmọ tí ó ń sá pamọ́ sẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1910, obìnrin yìí fẹ́ ọkọ kan tí ń jẹ́ George Weller, gẹ́gẹ́ bí àṣà àkókò náà fún ọ̀pọ̀ obìnrin olùkọ́ tí ó bá wọ ilé ọkọ, ó sì fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Ọdún 13 péré ni ó lò ní Sompting. Ẹni tí ó bá ronú sí i yóò rí i pé ohun ìbànújẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: ìwé tí ó gbé orúkọ rẹ̀ ga jáde ní ọdún 1911, nígbà tí ó ti kúrò nínú yàrá ìkàwé. Àwọn tí ó bá ka ìwé Holmes tí wọ́n sì ń fẹ́ fi ojú ara wọn rí Egeria lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìmọ̀ náà bá òun kúrò níbẹ̀. Ó tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, The Dramatic Method of Teaching ni orúkọ rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ó ti ṣàlàyé bí wọ́n ti ń ṣe eré ìtàn, bí wọ́n ti ń lo eré fún ìwé kíkà, ìṣírò àti iṣẹ́ ọwọ́, kí olùkọ́ mìíràn lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ibi tí ó bá wà. Ó pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Ọdún 1956 ni ó kú, nígbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

Irúgbìn tí ó gbìn kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ Perse ní ìlú Cambridge, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Henry Caldwell Cook ń mú kí àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ máa kọ eré fúnra wọn kí wọ́n sì máa ṣe é, ó sì tẹ ìwé The Play Way jáde ní ọdún 1917. Ní ọdún 1954, Peter Slade tẹ ìwé Child Drama jáde, ó sì fi yé àwọn olùkọ́ pé eré ọmọdé ní ìlànà tirẹ̀ tí kò yẹ kí a fi ti àgbà wọ̀n. Bí àwọn wọ̀nyí ti pọ̀ tó, olùkọ́ abúlé ni ó wà níwájú wọn.

Bí a bá wo ilé tiwa, a ó rí i pé yàrá ìkàwé àti eré kò jìnnà sí ara wọn ní ilẹ̀ Yorùbá. Hubert Ògúndé, tí ó gbé eré wa kiri ìlú láti ọdún 1945, ti ṣe olùkọ́ kí ó tó ṣe ọlọ́pàá àti eléré. Olùkọ́ ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí eré Lánkẹ́ Ọ̀mu. Olùkọ́ ni Dúró Ládípọ̀, tí eré rẹ̀ Ọba Kò So ti ọdún 1963 kọjá òkun. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti bá ọmọ wà nínú yàrá kí wọ́n tó bá ìlú wà lórí ìtàgé. Ṣáájú wọn pàápàá, ta ni ó kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa ṣe ìyá àti bàbá nínú iyanrìn, láti máa dá egúngún ọmọdé, àti láti máa pa àlọ́ tí gbogbo agbo ń gbe orin rẹ̀? Eré wà lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá láti ilé kí ó tó dé ilé-ẹ̀kọ́. Ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ni a sábà máa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ìlú, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a mú ohun kan lò nínú ìtàn yìí. Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ wa ń ṣe eré ní ìparí ọdún, tí àwa àgbà ń jókòó ní iwájú, tí a sì ń pàtẹ́wọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a máa bèèrè pé ta ni ó kọ eré náà. Bí ó bá jẹ́ olùkọ́ ni ó kọ ọ́, tí ọmọ márùn-ún tí ẹnu wọn dá ṣáká sì há a sórí, olùkọ́ ni kí a pàtẹ́wọ́ fún. Ẹ jẹ́ kí a fún àwọn olùkọ́ wa ní àyè láti mú ìtàn ìlú yìí, bí a ti tẹ̀ ẹ́ dó, bí ogun ti lé wa, bí a ti padà kọ́ ọ, kí wọ́n sì fi lé àwọn ọmọ kíláàsì àgbà lọ́wọ́. Kí àwọn ọmọ tọ àwọn arúgbó lọ láti bèèrè bí ọ̀rọ̀ ti rí. Kí wọ́n jiyàn lórí rẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè wọn. Kí wọ́n fi páálí ṣe adé. Bí eré náà bá wọ́ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rọ́jú jókòó títí yóò fi parí. Àwọn arúgbó tí ó mọ ìtàn náà ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwé tí a sì kọ nípa rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọmọ tí ó bá ti wádìí ìtàn ìlú rẹ̀ títí ó fi lè dúró kí ó sì sọ̀rọ̀ bí àwọn baba ńlá rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò lè gba ìtàn náà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Owó ni a fi ń kọ́ yàrá ìkàwé, Ẹgbẹ́ wa kò sì ní ṣàárẹ̀ láti máa dá a. Ṣùgbọ́n yàrá tí ó wà ní Sompting kéré, páálí ni adé ibẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ ni ọba ibẹ̀. Ohun tí ó sọ ọ́ di ilé-ẹ̀kọ́ rere ni pé olùkọ́ kan gbà pé ọgbọ́n wà nínú ọmọ, ó sì fún un láyè kí ó hàn. Èyí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.